Kíka Olùgbọ́ àti Dáńlóòdù Pọ́díkáàsì

Pọ́díkáàsì ni ètò àgbọ́sétí tí a gba ohùn rẹ̀ sínú fáìlì, tí a sì gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó bá fẹ́ lè gbọ́ ọ nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Oníròyìn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Ben Hammersley, lo ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ìròyìn The Guardian ní oṣù Kejì ọdún 2004; ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni ilé-iṣẹ́ Apple fi pọ́díkáàsì kún iTunes. Dáńlóòdù ni gbígba fáìlì náà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì sórí ẹ̀rọ ẹni. Iye dáńlóòdù ni a sábà fi ń díwọ̀n olùgbọ́, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ olùpolówó ọjà fi ń sanwó: iye owó kan fún dáńlóòdù 1,000. Ẹni tí a bá ka iye rẹ̀ sí kékeré yóò gba owó kékeré, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ pé etí púpọ̀ ń gbọ́ ọ.

Ti rédíò yàtọ̀. Ní Douala, ìlú èbúté létí odò Wouri tó tóbi jù ní Kamẹrúùnù, ọdún 1941 ni rédíò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn. Ilé rédíò kò lè mọ ẹni tó ń gbọ́ ọ. Orúkọ tí Yorùbá fún ẹ̀rọ náà, asọ̀rọ̀mágbèsì, ti sọ ìṣòro yìí tán. Nítorí náà ni a ṣe ń bi àwọn ará ìlú léèrè ohun tí wọ́n gbọ́. Irú rẹ̀ ni ìwádìí Africascope tí ilé-iṣẹ́ Kantar ń ṣe, tí Douala àti Yaoundé wà lára àwọn ìlú tó kárí. Ẹni tí a bi léèrè lè gbàgbé, ó sì lè purọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn ni.

Ní ti pọ́díkáàsì, kọ̀ǹpútà tí fáìlì wà lórí rẹ̀ ni akọ̀wé. Nígbàkígbà tí fóònù kan bá béèrè fáìlì, kọ̀ǹpútà náà yóò kọ àkókò sílẹ̀, yóò kọ àdírẹ́sì IP tí ìbéèrè ti wá, orúkọ áàpù àti irú fóònù, àti ìwọ̀n ohun tó fi ránṣẹ́. Kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni, kò sì mọ̀ bóyá ẹni tó gba fáìlì náà tẹ́tí sí i rárá.

Bí a bá ka ìlà àkọsílẹ̀ yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, iye náà yóò wú kọjá ààlà, nítorí áàpù lè gba fáìlì kan ní ègé ègé. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ IAB Tech Lab ní Amẹ́ríkà fi ṣe ìlànà, ẹ̀dà 2.0 rẹ̀ jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2017. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà náà, gbogbo ìbéèrè fún ètò kan náà tó bá wá láti àdírẹ́sì IP kan náà, pẹ̀lú áàpù àti irú fóònù kan náà, láàárín wákàtí 24, dáńlóòdù kan ni. Ohun tí a gbà tí kò tó ohùn ìṣẹ́jú kan kò wọ inú kíkà. Àwọn ìbéèrè róbọ́ọ̀tì ni a ń yọ dànù.

Ìlànà tó dára ni, ṣùgbọ́n ó bá ibi tí ilé kọ̀ọ̀kan ti ní ìlà íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ mu ju Douala lọ, níbi tí dátà orí fóònù ti jẹ́ ọ̀nà ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àdírẹ́sì IP ti àtijọ́, tí a ń pè ní IPv4, kò ju nǹkan bí bílíọ̀nù 4.3 lọ fún gbogbo ayé, ìpín Áfíríkà nínú rẹ̀ sì kéré púpọ̀. Èyí ló ń mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù máa kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Ká ní 20 akẹ́kọ̀ọ́ ní Bonamoussadi ní irú fóònù kan náà àti áàpù kan náà, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn sì kó wọn sábẹ́ àdírẹ́sì kan: bí gbogbo wọn bá gba ètò kan lọ́jọ́ kan náà, 20 di 1. Ẹlòmíràn sì wà tó gba ètò pẹ̀lú dátà nínú ọkọ̀, tó tún gbà á pẹ̀lú Wi-Fi níbi iṣẹ́ ní Akwa. Òun nìkan di 2. Fáìlì tí a fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ lórí WhatsApp kò sí nínú àkọsílẹ̀ rárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ọ̀rẹ́ fi ètò ránṣẹ́ sí lè jẹ́ olùgbọ́ tó tẹ́tí jù.

Àdírẹ́sì IP náà ni a fi ń mọ ìlú olùgbọ́. Láti ọjọ́ 17 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2017, fún ọjọ́ 93, ìjọba Kamẹrúùnù gé íntánẹ́ẹ̀tì ní agbègbè méjèèjì tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Buea ń wọ ọkọ̀ lọ sí Douala kí wọ́n lè rí iṣẹ́ wọn ṣe. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gba pọ́díkáàsì níbẹ̀, Douala ni àkọsílẹ̀ yóò pè é sí. Ní ti Buea, yóò dà bí ẹni pé ìfẹ́ ètò náà ti kú níbẹ̀.

Iye náà lè yí padà láìjẹ́ pé olùgbọ́ kan ṣí lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, iOS 17 ti Apple dín bí áàpù rẹ̀ ṣe ń gba ètò fúnra rẹ̀ kù, dáńlóòdù ọ̀pọ̀ pọ́díkáàsì sì já wálẹ̀. Apple àti Spotify tún ń fi han oníṣẹ́ bí a ti gbọ́ ètò rẹ̀ jìnnà tó, ṣùgbọ́n inú áàpù tiwọn nìkan ni wọ́n ti ń rí i, òṣùwọ̀n wọn kò sì bára mu tí a ó fi lè rò wọ́n pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Edison Research ṣì ń bi àwọn ènìyàn léèrè bí wọ́n bá ń gbọ́ pọ́díkáàsì, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún rédíò.