Ṣé o mọ̀? Orin tó já gaara nínú sitẹrió ilé

Ṣé o mọ̀ pé lórí àwo CD, tó kọ́kọ́ jáde ní Jàpáánì lọ́dún 1982, ìgbà 44,100 ni wọ́n ń wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan? Etí èèyàn kì í sábà gbọ́ ohun tó bá gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ, ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ kó tó lè gbà á sílẹ̀ bó ṣe rí.

Fáìlì hi-res, ìyẹn èyí tí wọ́n ń wọ̀n ju ti CD lọ, ń lọ sí ìgbà 96,000 tàbí 192,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Orin ìṣẹ́jú kan lórí CD gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 10. Ti 192,000, tí wọ́n fi bit 24 kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, gba nǹkan bíi 69.

FLAC, irú fáìlì orin kan tó jáde lọ́dún 2001, ń ká orin bí ẹni ká aṣọ sínú àpótí: tí o bá tú u, fọ́nrán òwú kan ò sọnù. MP3 ní tirẹ̀, gígé ló ń gé aṣọ. Bí wọ́n bá sì sọ MP3 di fáìlì ńlá, ohun tó ti gé kò ní padà.

Bluetooth náà sábà máa ń gé orin. Nítorí náà, wáyà ni kó o fi so ẹ̀rọ tí orin wà lórí rẹ̀ mọ́ sitẹrió. Gbé sípíkà méjèèjì jìnnà síra, kó o jókòó sí àárín.