Ọ̀nà Tí Àbúrò Mi Yà Sínú Ìwé

Aago méje àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni èmi àti àbúrò mi dé géètì Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, n'Ílé-Ifẹ̀. Òun ló dá aago náà. Ó ní bó bá fi lè tó aago méje ààbọ̀, èrò á ti kún ibùdókọ̀ fọ́fọ́, àwọn awakọ̀ kọ̀rọ̀pẹ̀ á máa pè wọ́n, fèrè á máa dún, òun ò sì ní lè ya ọ̀rọ̀ mi sọ́tọ̀ lára ariwo mọ́. Ìbotí ńlá, irú èyí tí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ la pákó máa ń lò, wà lọ́rùn rẹ̀. Ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ya àwòrán ọ̀nà sínú rẹ̀: géètì, títì gígùn tí gbogbo èèyàn ń pè ní Road 1, Gbọ̀ngàn Odùduwà, ilé ìkàwé. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wo máàpù lórí fóònù kó tó yà á.

Ọmọ ọdún 21 ni. Ó ti pé 16 kí dókítà tó sọ fún wa pé ọ́tísíìmù ni. Kó tó dìgbà náà, àwọn èèyàn ti pè é ní alágídí, wọ́n ti pè é ní ọ̀dẹ̀, wọ́n ti ní ayé ló ń ṣe é. Kò sí èyí tó bá a mu níbẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ ń gba ìró, ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹnu wọlé lọ́nà tó yàtọ̀ sí tiwa, kì í sì í ṣe àrùn tí wọ́n ń fi oògùn lé lọ. Ìjókòó kan ṣoṣo ló fi yege WAEC. Ṣùgbọ́n ó fi fásitì tó kọ́kọ́ lọ sílẹ̀ lágbedeméjì, mi ò sì ní dárúkọ ibẹ̀. Ó fẹ́ tún JAMB ṣe báyìí, ó ní òun ò ní kọ Ifẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù àfi tí òun bá kọ́kọ́ fẹsẹ̀ ara òun rìn ín.

A ò wọ ọkọ̀. Igi wà lọ́tùn-ún lósì Road 1, òkè ń yọjú lẹ́yìn wọn. Àbúrò mi ń ka òpó iná, bó ṣe ń kà ló ń sọ̀tàn: ọdún 1961 ni wọ́n dá fásitì yìí sílẹ̀, Ìbàdàn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní 1962, 1967 ni wọ́n kó wá sí Ifẹ̀, 1987 ni orúkọ rẹ̀ yí padà lẹ́yìn ikú Awólọ́wọ̀. Mi ò bi í o. Bó ṣe máa ń bá mi tàkúrọ̀sọ nìyẹn, ó sì pẹ́ gan-an kí n tó mọ̀ pé ìtàkúrọ̀sọ ni.

Bàbá kan tó ń nasẹ̀ àárọ̀ ń bọ̀ níwájú wa. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà." Àbúrò mi kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé kò sí èèyàn níbẹ̀. Ojú bàbá yí padà. Mo mọ ojú yẹn dáadáa. Mo ti rí i lójú ẹbí, mo ti rí i lójú tíṣà, mo ti rí i lójú àlùfáà.

Nínú ìwé àwọn dókítà òyìnbó, ọ̀kan lára àmì tí wọ́n kọ́kọ́ ń wá ni pé ọmọ kì í wo ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Nílé tiwa, ta ló ń tẹjú mọ́ àgbà? Ọmọ tó bá gbójú sílẹ̀ la ń yìn. Àmì tó yẹ kó ta wá lólobó la kà sí ẹ̀kọ́ ilé. Ìkíni ni wàhálà ti wá ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àtijọ́, ẹ kú ewu ọ̀nà: gbogbo ìgbà ló ní tirẹ̀, gbogbo ipò ló ní tirẹ̀. Ẹni tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣa ọ̀kan nínú wọn kó tó la ẹnu, àgbà á ti kọjá lọ. A ó sì ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Tó bá wá di fásitì, tó jẹ́ olùkọ́ tí kò kí lánàá ló ń máàkì ìwé rẹ̀ lónìí ńkọ́?

Nígbà tí a rìn dé òpó iná kejì, àbúrò mi yí padà. Ó sáré tọ bàbá náà lọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́bàá títì. "Ẹ káàárọ̀ sà." Bàbá dúró, ó wò mí láti òkèèrè. Ó ní, "Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí?" Ó sì dúró, kò kánjú, títí èsì fi jáde. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Arieh Sharon, ayàwòrán ilé ará Ísírẹ́lì tó kọ́ṣẹ́ ní Bauhaus ní Jámánì, ló ṣe ètò ọgbà yìí. Ilé tí wọ́n ń pè ní Humanities ni mo fẹ́ kí àbúrò mi rí. Àjà òkè fẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, bí ìgbà tí wọ́n to àtẹ léra tí èyí tó tóbi jù wà lókè pátápátá, kí oòrùn àti òjò má bàa rí ògiri mú, kí atẹ́gùn sì rí ọ̀nà gbà. Àbúrò mi dúró sábẹ́ rẹ̀. Ó ti fi ìbotí bo etí láti ìgbà tí ọkọ̀ ti ń pọ̀. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ sọ́rùn. Ó ní, "Ibí dáa, Àǹtí mi."

Ẹni tó ya ilé yìí ti rò ó ṣáájú pé oòrùn máa pa èèyàn, ó sì ya ilé tó ní ibòji. Kò sí ẹni tó ń pè é ní ojúrere. Ohun tí àbúrò mi nílò kò ju irú ìrònú bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní fásitì tó fi sílẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò ni wọ́n yí gbọ̀ngàn padà. Ẹnì kan pariwo rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àwọn yòókù sáré lọ. Àbúrò mi jókòó sí gbọ̀ngàn tó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀, ó fi báírò méjì àti káàdì rẹ̀ síwájú, ó ń dúró. Ó dúró títí di ọ̀sán. Nígbà tó lọ ṣàlàyé, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò lọ sódò, wọ́n ní ó ń rí àwọn fín. Kí wọ́n kọ ìyípadà sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà, kí wọ́n fún un ní àyè ìjókòó kan tí fáànù kò ti ń kígbe, kí wọ́n jẹ́ kó fi ìwé béèrè ohun tí ẹnu rẹ̀ ò lè tètè sọ: èló ni gbogbo ìyẹn máa ná wọn?

Òfin sì wà. Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó ka fífi ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá dù wọ́n léèwọ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019. Ara àti ojú nìkan kọ́ ló kà sí. Ó dárúkọ ọpọlọ àti òye pẹ̀lú. Abala 17 ní kò gbọ́dọ̀ sí ìyàsọ́tọ̀ nínú ẹ̀kọ́. Abala 18 ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, látorí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé fásitì, gbọ́dọ̀ gbà wọ́n mọ́ra, kí ó sì ní ó kéré tán òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ bí a ṣe ń bójú tó ẹ̀kọ́ wọn. Ilé-iṣẹ́ tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀ lè san owó ìtanràn mílíọ̀nù kan náírà. JAMB náà ti gbìyànjú: ní 2017 wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola láti máa bójú tó ìdánwò àwọn afọ́jú, wọ́n sì ti fi àwọn mìíràn kún un, títí kan àwọn tó ní ọ́tísíìmù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wọlé tán, ta ló ń bá a rìn? Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ilé-ìwé ló gbọ́dọ̀ wá ọmọdé tó nílò ìrànwọ́ kàn. Tó bá ti di kọ́lẹ́ẹ̀jì, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ lọ sọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ sísọ nira fún jù la gbé ẹjọ́ lé lọ́wọ́.

Ìlú Ọbàtálá la wà. Àwọn baba wa ní òun ló mọ abuké, àfín àti arọ, wọ́n pè wọ́n ní ẹni òrìṣà, wọn kì í fi wọ́n ṣẹ̀sín. Mo fẹ́ràn ọ̀wọ̀ yẹn. Síbẹ̀, ẹni òrìṣà ṣì jẹ́ ẹni tí a yà sọ́tọ̀, àbúrò mi kò sì fẹ́ kí wọ́n ya òun sọ́tọ̀. Àyè ìjókòó láàárín àwọn yòókù ló ń wá.

Ilé Ìkàwé Hezekiah Oluwasanmi la parí ìrìn wa sí. A jókòó síta, ó mú lẹ́tà jáde. Èmi ni mo bá a kọ ọ́ lálẹ́ àná, fún fásitì yòówù tó bá gbà á: pé kí wọ́n máa kọ ìyípadà ránṣẹ́ sí i, pé kó máa ṣe ìdánwò níbi tó dákẹ́. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀rẹ̀ pé ó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n ṣàánú òun. Ó mú rúlà nínú àpò, ó fi fa ilà gbọọrọ sórí gbólóhùn yẹn. Ó kọ "abala 18" sókè rẹ̀.

Mo ní, "Ṣé wọn ò ní rò pé à ń halẹ̀ mọ́ wọn?"

Ó ní, "Ohun tó wà nínú òfin ni mo kọ, Àǹtí mi."

Ó ká lẹ́tà náà sínú ìwé kékeré, ó wo aago, ó wá bi mí bóyá a lè padà gba abẹ́ Humanities kọjá.