Kí Ni Ìwádìí Yunifásítì Ti Ṣe Fún Oko Ẹ̀gẹ́ Wa?

 

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tí a ṣe kẹ́yìn lẹ́bàá Ìlobùú, mo tọrọ ilẹ̀ kékeré kan tí a ó fi gbin irú ẹ̀gẹ́ tuntun mẹ́ta wò. N kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí bàbá kan fi dìde. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó jókòó sábẹ́ fáànù ní Ifẹ̀ àti Ìbàdàn ni yóò máa kọ́ wa bí a ṣe ń gbin ẹ̀gẹ́? Kí ni ìwádìí wọn ti ṣe fún wa rí?" Gbogbo ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ n kò rí ilẹ̀ gbà lọ́jọ́ yẹn. Ìbéèrè bàbá kì í ṣe àfojúdi rárá. Owó ìlú ni wọ́n fi ń ṣe ìwádìí, ó sì yẹ kí ará ìlú mọ ohun tó bá a dé. Òjò ló lé wa ká kí n tó dáhùn tán, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síbí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú oko yín. Ẹ̀gẹ́ tí púpọ̀ nínú yín ń pè ní ẹ̀gẹ́ agíríìkì, tí ewé rẹ̀ máa ń dán, kò ṣàdédé wá. Àwọn tó dàgbà nínú yín á rántí bí ewé ẹ̀gẹ́ àtijọ́ ṣe máa ń ká kò, tí yóò ní àmì ràkọ̀ràkọ̀ bíi pé ẹnìkan da omi gbígbóná lé e, tí ẹ bá sì hú u, ohun tó wà nídìí rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ lọ. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é. Àwọn kan ní ilẹ̀ ló ti gbó. Àrùn ni, mòsáíìkì ni wọ́n ń pè é. Kòkòrò funfun tín-ń-tín kan tó ń fò bí eṣinṣin ló ń gbé e kiri, àwa fúnra wa náà sì ń gbé e kiri nígbà tí a bá gé igi lára ẹ̀gẹ́ tó ń ṣàìsàn tí a sì fi gbin oko tuntun.

Láàárín ọdún 1930 sí 1940, àwọn òyìnbó olùṣèwádìí méjì, Storey àti Nichols, wà ní Amani, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Tànsáníà lónìí. Wọ́n rí i pé igi rọ́bà kan wà tó jẹ́ ẹbí ẹ̀gẹ́, tí àrùn yìí kì í sì fi bẹ́ẹ̀ ràn. Wọ́n bá da òdòdó igi náà pọ̀ mọ́ ti ẹ̀gẹ́, wọ́n sì tún ń da àwọn ọmọ tí ó bí pọ̀ mọ́ ẹ̀gẹ́ léraléra, kí ó lè padà di ohun tí ènìyàn lè jẹ. Irúgbìn láti inú iṣẹ́ yẹn dé Moor Plantation ní Ìbàdàn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣa ọ̀kan tí wọ́n pè ní 58308. Àrùn ò rí i gbé ṣe, àmọ́ kò ta dáadáa, nítorí náà àgbẹ̀ kankan kò fẹ́ ẹ. Ní ọdún 1971, Ọ̀mọ̀wé Sang Ki Hahn, ará Kòríà tó ti ṣe olùkọ́ ní yunifásítì kan ní Seoul, dé sí IITA ní Ìbàdàn. Òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ mú 58308 yẹn, wọ́n dà á pọ̀ mọ́ ẹ̀gẹ́ tó ń ta. Kí ọdún 1980 tó pé, TMS 30572 àti àwọn ẹbí rẹ̀ ti jáde. Inú àwọn àgbẹ̀ Ìkirè, ní ìpínlẹ̀ wa níbí, dùn débi pé wọ́n fi ọkùnrin náà jẹ Séríkí Àgbẹ̀.

Nínú ìwádìí ńlá kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 1989, wọ́n wọ oko àwọn àgbẹ̀ lọ wọn ẹ̀gẹ́. Wọ́n rí i ní Nàìjíríà pé irú TMS fi nǹkan bí 40 nínú 100 ju ti ìbílẹ̀ lọ, láìlo ajílẹ̀ rárá. Ìyẹn ni pé ilẹ̀ tó ń fún yín ní ọkọ̀ píkọ̀ọ̀pù márùn-ún á máa fún yín ní méje. Ilẹ̀ kan náà ni o, ọkọ́ kan náà. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni Nàìjíríà kọjá Brazil, tó di ẹni àkọ́kọ́ láyé nínú iṣẹ́ ẹ̀gẹ́.

Ẹnìkan á ní IITA kì í ṣe yunifásítì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n yunifásítì ló kọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, iṣẹ́ wọn sì wọnú ara wọn. Nínú ọgbà Moor Plantation kan náà ni ilé ìwádìí IAR&T wà, tó ti wà lábẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀, tí à ń pè ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí, láti ọdún 1969. Ẹ̀wà Ife Brown, ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti kòkòrò tó funfun bí ìyẹ̀fun. Ní ọdún 1973 ni wọ́n rí i ní Kóńgò, lára ẹ̀gẹ́. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé ó ti wọ Nàìjíríà. Níbi tó bá ti bà sí, orí ẹ̀gẹ́ á súnkì bí ìkúùkù, igi á dúró níhòòhò, ó sì lè kó tó 80 nínú 100 ìkórè lọ. Oògùn apakòkòrò wà, àmọ́ ta ni nínú wa ló lówó tí yóò máa fín in sí ẹ̀gẹ́ tí yóò lò tó oṣù méjìlá nílẹ̀? Àwọn olùṣèwádìí wá bi ara wọn pé: ní ilé rẹ̀ lọ́hùn-ún, kí ló ń pa á tí kò fi pọ̀ tó báyìí? Wọ́n wá a kiri. Ní ọdún 1981, ní Paraguay, wọ́n rí agbọ́n kan tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ aláràn lọ, tó ń yé ẹyin sínú kòkòrò náà. Ọmọ agbọ́n á pa á, á sì jáde láti inú rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ agbọ́n yìí wò dáadáa pé kò ní ṣe nǹkan mìíràn léṣe, wọ́n sì tú u sílẹ̀ lẹ́bàá Ìbàdàn ní ìparí ọdún náà. Ọ̀mọ̀wé Hans Herren, ará Switzerland, ló ṣe olórí iṣẹ́ náà. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé ní 1995 nítorí rẹ̀.

Àgbẹ̀ kankan kò san kọ́bọ̀. Agbọ́n náà kò bèèrè bóyá ilẹ̀ Ìlobùú ni òun wà tàbí ti Ìfọ́n. Ó kàn ń fò lọ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ títí di òní. Ní 2001, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé láti yunifásítì Hohenheim ní Jámánì jókòó ṣírò rẹ̀. Wọ́n ní owó dọ́là kan tí wọ́n ná sórí iṣẹ́ yẹn mú nǹkan bí igba dọ́là padà wá fún àwọn àgbẹ̀ Áfíríkà, bí a bá tiẹ̀ ṣírò rẹ̀ ní ìwọ̀nba. N kò mọ òwò kankan ní ọjà Òṣogbo tó ń mú irú èrè bẹ́ẹ̀ wá.

N kò ní purọ́ fún yín pé gbogbo nǹkan máa ń lọ geere. Ó níye ọdún tí mo kó ìdì igi ẹ̀gẹ́ tuntun fún ìyá kan lójú ọ̀nà Ìfọ́n. Ọkọ̀ bàjẹ́, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni igi náà fi wà nínú oòrùn. Ohun tó hù níbẹ̀ kò tó ìdajì. Ìyá náà kò bú mi, wọ́n kàn ní, "Ọ̀gá ADP, ẹ̀gẹ́ yunifásítì yín yìí ò lágbára." Ẹ̀gẹ́ náà lágbára, èmi ni n kò gbé e sí ibòji. Ibi tí ìwádìí ti sábà máa ń kú nìyẹn, láàárín ilé ìwádìí àti oko. Nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé igi lára ẹ̀gẹ́ tó ti lo oṣù 8 sí 12, tí ewé rẹ̀ kò ní àrùn. Kí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ńtímítà 20 sí 25, kí ó ní ojú 5 sí 7. Mítà kan sí mítà kan ni kí ẹ gbìn ín. Éékà kan á gba nǹkan bí 4,000. Bí ẹ kò bá lè gbìn ín lọ́jọ́ náà, ẹ tò ó lóòró sábẹ́ igi.

Ẹ̀yin ìyá tó ń yan gààrí, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ pọ̀ sí i, ọ̀dọ̀ yín ni wàhálà kó lọ: bíbó, lílọ, títẹ̀, yíyan nínú èéfín. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà rí èyí. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta wà nínú iṣẹ́ C:AVA tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, tó kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń sọ ẹ̀gẹ́ di ìyẹ̀fun funfun tí àwọn oníbúrẹ́dì lè rà. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́ pé iṣẹ́ ṣì pọ̀ níbẹ̀. Èéfín ṣì ń bá ojú yín jà.

Àwọn irú mẹ́ta tí mo tọrọ ilẹ̀ fún ni Game Changer, Hope àti Obasanjo-2, tí ìjọba fọwọ́ sí ní ìparí 2020. Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ló ṣe olórí iṣẹ́ tó bí wọn, pẹ̀lú ilé ìwádìí Umudike àti IITA. Kí irú kan ṣoṣo tó jáde, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n ń gbìn tí wọ́n ń hú sọ nù, ó sì lè gba ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá. Ìdánwò tó kẹ́yìn, oko yín ni.

Ìdí tó fi ká mi lára nìyí. Àrùn mìíràn ti ń jà ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Kóńgò, tó ń sọ inú ẹ̀gẹ́ di àwọ̀ ilẹ̀ tó gbẹ. Igi rẹ̀ lè dúró dáadáa, ewé á tutù, àgbẹ̀ ò ní mọ̀ títí di ọjọ́ ìkórè. Wọn ò tíì rí i ní Nàìjíríà. Láti 2015 ni yunifásítì Félix Houphouët-Boigny ní Côte d'Ivoire ti ń darí iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní WAVE, tí Covenant University ní Ọ̀tà wà nínú rẹ̀, láti máa ṣọ́ ọ kí ó má wọlé. Ṣùgbọ́n ojú wọn kò lè dé gbogbo abà. Bí ẹ bá gé ẹ̀gẹ́ tí inú rẹ̀ ní àbàwọ́n bẹ́ẹ̀, ẹ má gbé e kúrò lóko, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní igi rẹ̀, ẹ ránṣẹ́ pè wá kíá.

Ní ti bàbá tó bi mí léèrè, mo ń bọ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀ pẹ̀lú igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. N kò tọrọ ju ebè 30 fún irú kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ebè 30 ti ẹ̀gẹ́ tiyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ kan náà, ọjọ́ kan náà. Ní oṣù kejìlá, a ó gbé òṣùwọ̀n wá, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó sì wọ̀n ọ́n.