Ṣé O Mọ̀? Òfin Ń Bẹ Lẹ́yìn Ìyá Ìkókó

Ṣé o mọ̀ pé òfin Nàìjíríà kò gba ilé iṣẹ́ láyè láti jẹ́ kí obìnrin ṣiṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ 6 tó pé lẹ́yìn tó bímọ? Kì í ṣe ojú àánú ọ̀gá rárá. Abala 54 nínú Òfin Iṣẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá ọmọ ìbáà máa búra pé ara òun ti le, kó padà sílé ni.

Ọ̀sẹ̀ 6 mìíràn wà ṣáájú ìbímọ, ṣùgbọ́n ìyẹn ń fẹ́ ìwé dókítà tó sọ pé ó ṣeé ṣe kí aboyún náà bí láàárín àkókò yẹn. Ẹni tí kò gbàwé, ẹ̀bẹ̀ ló kù tó máa bẹ̀.

Owó wá ńkọ́? Bó o bá ti lo oṣù 6 gbáko níbi iṣẹ́ náà, owó tí wọn yóò máa san fún ọ kò gbọdọ̀ dín ní ìdajì owó iṣẹ́ rẹ. Ìdajì, lásìkò tí ìnáwó di ìlọ́po méjì! Òfin kan náà tún ní owó ilé ìwòsàn kì í ṣe ẹrù agbanisíṣẹ́. Àmọ́ ìdajì ni ibi tó kéré jù. Bí ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ bá kọ odidi, odidi ni wọn yóò san. Kà á kí ikùn tó yọ.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń gba odidi owó oṣù fún ọ̀sẹ̀ 16. Ní 2014, Ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ní oṣù 6 fún ìbímọ méjì àkọ́kọ́, ó sì fún bàbá ọmọ ní ọjọ́ 10.

Ṣé o mọ̀ pé ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn lẹ́tọ̀ọ́ sí ààbọ̀ wákàtí, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, lásìkò iṣẹ́? Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá wà n'Íkòròdú, tí ọ́fíìsì wà ní Víkítóríà Áílándì, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lè má gbé ìyá kọjá Afárá Kẹta.

Ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, lórílẹ̀-èdè Benin, ọ̀sẹ̀ 14 ni, odidi owó. Agbanisíṣẹ́ ń san ìdajì, àpò ìrànwọ́ òṣìṣẹ́ ń san ìyókù. Lọ́dọ̀ tiwa, ọrùn agbanisíṣẹ́ nìkan ni gbogbo rẹ̀ wà. Lójú tèmi, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń bi ọmọge tó wá gbaṣẹ́ léèrè ìgbà tó máa lọ́kọ.

Amẹ́ríkà ńkọ́? Òfin 1993 wọn fún ìyá ní ọ̀sẹ̀ 12 láìsan kọ́bọ̀, àyàfi bí ìpínlẹ̀ rẹ̀ bá ní òfin tirẹ̀, bíi Kalifóníà.

Bí wọ́n bá fún ọ ní ìwé ìdádúró nígbà tó o ṣì wà ní ìsinmi ìbímọ, wọ́n ti lòdì sófin. Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ wà n'Íbàdàn, ó wà l'Ákùúrẹ́, ó sì wà l'Ékòó. Ẹ̀dà ìwé dókítà yẹn ni kó o mú dání.