Ẹ Dín Oúnjẹ Kù Nítorí Ẹ̀dọ̀, Ṣùgbọ́n Ẹ Má Fi Ebi Pa Ara Yín

Bàbá ahunṣọ kan láti Ìsẹ́yìn wọlé tọ̀ mí wá ní ọjọ́ kan, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹnu rẹ̀ gbẹ. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, wọ́n yẹ̀ mí wò ní Ìbàdàn, wọ́n ní ọ̀rá ti bo ẹ̀dọ̀ mi, kí n dín oúnjẹ kù. Ọjọ́ karùn-ún rèé tí mo ti ń mu omi àti àgbo nìkan."

Mo ní, "Háà, Bàbá! Dídín kù ni wọ́n wí, wọn kò ní kí ẹ fi ebi pa ara yín."

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí ni mo fẹ́ fi kọ́ ara wa lọ́gbọ́n lónìí.

Abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún ni ẹ̀dọ̀ wà. Ti àgbàlagbà a máa wúwo tó nǹkan bíi kílò kan ààbọ̀. Bí àká àgbẹ̀ ni ó rí. Bí a bá jẹun tán, yóò kó ṣúgà inú oúnjẹ pamọ́. Bí a bá sùn, yóò máa tú u sílẹ̀ fún ara. Ṣùgbọ́n bí a bá ń kó wọlé lójoojúmọ́ tí a kò kó jáde, àká yóò kún. Ẹ̀dọ̀ yóò sọ èyí tí ó ṣẹ́kù di ọ̀rá. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ó lè pẹ́ kí ó tó dun ènìyàn, síbẹ̀ ẹ̀dọ̀ lè wú, kí ó ní àpá, kí ó sì le gbagidi níkẹyìn.

Bàbá wa yìí, ìdí òfì ni ó ń jókòó sí láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Lálẹ́, àmàlà láfún ńlá méjì, ẹran kékeré, àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ìgò kan. Ọ̀nà wo ni àká rẹ̀ kò ní gbà kún?

Ẹ̀dọ̀ a máa tún ara rẹ̀ ṣe bí a bá ràn án lọ́wọ́. Bí ẹni tí ó wúwo 80 kílò bá fi 4 kílò sílẹ̀, ọ̀rá ẹ̀dọ̀ rẹ̀ yóò dín kù. Bí ó bá tó 6 sí 8 kílò, wíwú rẹ̀ a sábà máa rọlẹ̀ pẹ̀lú. Ààbọ̀ kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ti tó.

Ẹni tí ó bá fi ebi lé e, ọ̀rá ara rẹ̀ yóò ya wọ ẹ̀dọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀dọ̀ sì lè wú sí i. Bí ó bá tún ń da Panadol mì nítorí orí fífọ́ tí ebi fà, ewu ńlá ni, nítorí ẹ̀dọ̀ tí kò rí oúnjẹ kò lágbára tó láti pa oró òògùn náà.

Kì í sì í ṣe àjẹjù nìkan ní ń kó ọ̀rá sí ẹ̀dọ̀. Ní 1933, Dókítà Cicely Williams kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ní Gold Coast, Gánà ti òde òní, tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ àgbàdo láìsí amáradàgbà. Ara wọn wú, ọ̀rá sì kún ẹ̀dọ̀ wọn. Kwashiorkor ni àìsàn náà.

Nítorí náà, ẹ ṣe báyìí:

Èkíní, ẹ dín àmàlà, èbà àti iyán kù sí ìdajì, kí ẹ fi ẹ̀fọ́, ilá, ẹ̀wà, ẹja tàbí wàrà Fúlàní kún un.

Èkejì, ẹ fi omi rọ́pò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kí ẹ sì yẹra fún ògógóró àti bíà.

Ẹ̀kẹta, ẹ máa rìn fún ìdajì wákàtí lójúmọ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má jẹ èlùbọ́, àgbàdo tàbí ẹ̀pà tí ó bu. Oró inú rẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ẹni tí ó ń lo òògùn àtọ̀gbẹ, aboyún, àti ẹni tí ń rù láìmọ ìdí, kí wọ́n kọ́kọ́ rí dókítà. Bí ojú bá pọ́n bí ìyeyè, tí ikùn wú, tàbí tí ènìyàn bì ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Bàbá wa wúwo 84 kílò ní ọjọ́ náà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, 78 ni. Àmàlà kan ni ó ń jẹ báyìí, ó sì ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ìdí òfì rẹ̀.