Ará Douala àti Ìlérí Ààrẹ

Ní ọjọ́ 10 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 2019, Ààrẹ Paul Biya ti ilẹ̀ Kamẹrúùnù bá gbogbo ará ìlú rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ó kéde pé kí oṣù náà tó parí, a ó pe àpérò ńlá kan lórí ogun tí ń jà ní ẹkùn méjì tí a ti ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti pé Olóòtú Ìjọba, Joseph Dion Ngute, ni yóò darí rẹ̀. Ó nawọ́ sí ẹni tí ó bá fẹ́ fi ohun ìjà sílẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá kọ̀. Ọ̀rọ̀ àlàáfíà ni. Kí ni ó wá dé tí ará ìlú fi lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó sì máa ṣe iyèméjì? Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ara wa sí ipò ẹni tí ń gbé ní Douala. Ìlú yìí ni ó tóbi jù ní Kamẹrúùnù, òun sì ni èbúté ọjà ilẹ̀ náà. Èdè Faransé ni ìjọba àti ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ń lò jù. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá gba orí afárá odò Wouri kọjá, tí ó la Bonabéri já, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé Tiko, Limbe àti Buea, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti gbilẹ̀. Ní ọdún 2016, àwọn lọ́yà àti olùkọ́ ibẹ̀ fi ẹ̀hónú hàn nítorí àwọn adájọ́ àti olùkọ́ elédè Faransé tí ìjọba ń rán sí wọn. Nígbà tí ọdún 2017 fi ń parí lọ, ọ̀rọ̀ ti di ìbọn. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń sá wọ Douala pẹ̀lú ọmọ tí a ti ilé ẹ̀kọ́ mọ́. Nítorí náà, ará Douala kò gbọ́ ọ̀rọ̀ Ààrẹ bí ìròyìn ọ̀nà jíjìn. Àtìpó lè wà ní yàrá kejì sí tirẹ̀.

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Nínú ìbò tí Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ètò rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Fébúárì ọdún 1961, apá àríwá Kamẹrúùnù tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso yàn láti bá Nàìjíríà lọ, apá gúúsù sì yàn láti darapọ̀ mọ́ Kamẹrúùnù tí ó ti gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé. Ìjọba àpapọ̀ ni a gbé kalẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Òkìtóbà ọdún náà, kí apá kọ̀ọ̀kan lè ní ìjọba tirẹ̀. Ìbò mìíràn fòpin sí ètò náà ní ọjọ́ 20 oṣù Méè ọdún 1972, gbogbo agbára sì kó sí Yaoundé.

Iyèméjì àkọ́kọ́ ti inú ìrántí wá. Òfin ìpìlẹ̀ tí a tún ṣe ní oṣù Jánúárì ọdún 1996 ṣèlérí pé àwọn ẹkùn yóò ní ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn. Ó ṣèlérí Ilé Aṣòfin Àgbà, ó sì ṣèlérí ìgbìmọ̀ tí yóò máa ṣe ìdájọ́ lórí òfin ìpìlẹ̀. Ọdún 2013 ni a tó dìbò Ilé Aṣòfin Àgbà náà; ọdún 2018 ni a tó yan àwọn onídàájọ́ náà. Ní alẹ́ tí Ààrẹ ń sọ̀rọ̀ yìí, ìlérí ìgbìmọ̀ ẹkùn ti pé ọdún mẹ́tàlélógún láìṣẹ. Ẹni tí ó ti dúró de ìlérí tó bẹ́ẹ̀, bí ó bá ń béèrè ọjọ́ tí ìlérí tuntun yóò ṣẹ, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀tá ìjọba.

Iyèméjì kejì ni ti àwọn tí yóò jókòó. Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ní ọjọ́ 20 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ṣáájú ọ̀rọ̀ náà, ilé ẹjọ́ àwọn ológun ní Yaoundé ti dá ẹ̀wọ̀n gbére fún Sisiku Ayuk Tabe àti àwọn mẹ́sàn-án mìíràn tí wọ́n jẹ́ aṣáájú àwọn tí ń fẹ́ yapa. Ìgbìmọ̀ mẹ́jọ ni a sì pín àpérò náà sí, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tí a yàn láti yẹ ìpadàbọ̀ sí ìjọba àpapọ̀ wò.

Síbẹ̀, ó yẹ kí a ṣe òtítọ́. Àpérò náà wáyé láti ọjọ́ 30 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà títí di ọjọ́ 4 oṣù Òkìtóbà. Ààrẹ dá ẹjọ́ ènìyàn 333 dúró. Ní oṣù Dìsẹ́ńbà, òfin fún ẹkùn méjèèjì ní ipò àkànṣe, pẹ̀lú ilé àwọn ọba tiwọn. Ní ọjọ́ 6 oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 2020, a dìbò ìgbìmọ̀ ẹkùn níkẹyìn. Ṣùgbọ́n ìbọn kò dákẹ́. Ní oṣù Fébúárì ọdún 2020, a pa àwọn obìnrin àti ọmọdé ní Ngarbuh. Ìjọba kọ́kọ́ sẹ́, kí ó tó jẹ́wọ́ ní oṣù Éépírì pé àwọn ọmọ ogun lọ́wọ́ sí i. Ní oṣù Òkìtóbà, àwọn agbébọn wọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Kumba, wọ́n sì pa àwọn ọmọ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kì í jẹ́ kí a sùn lóru. Ní ọdún 2021, àwọn tí ogun náà lé wọ Nàìjíríà ti ju 60,000 lọ, ọ̀pọ̀ wọn ní ìpínlẹ̀ Cross River. Ẹ̀kọ́ sì wà níbẹ̀ fún gbogbo wa. Nígbà tí olórí bá ṣèlérí, kí a béèrè: ọjọ́ wo ni yóò ṣẹ? Àwọn wo ni a pè, àwọn wo ni a kò pè? Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí ìlérí ti ìṣáájú?

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn bàbá wa pe rédíò, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀ kò sì gba èsì. Ẹ̀rọ lè rí bẹ́ẹ̀. Olórí kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Iyèméjì ará Douala jẹ́ èsì tí ó yẹ kí Yaoundé gbọ́, nítorí ẹni tí ó ṣì ń béèrè ọjọ́ ìmúṣẹ ìlérí kò tíì sọ ìrètí nù.