Nígbà Tí Odò Bá Di Ẹrẹ̀, Níbo Ni Ẹja Yóò Sá Sí?

Ẹni tó bá ti dúró lórí afárá odò Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí yóò ti rí i pé omi náà kò rí bí a ti mọ̀ ọ́n mọ́. Àwọ̀ tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí ló gbé wọ̀. A kò lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru òjò, nítorí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá, nígbà tó yẹ kí odò tòrò, ẹrẹ̀ náà kò kúrò níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún ará ìlú pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu omi Ọ̀ṣun. Ènìyàn lè gbọ́ ìkìlọ̀ kí ó lọ fa omi kànga. Ẹja kò ní ibòmíràn.

Ọ̀nà kò jìn tí a ó fi rí ibi tí ẹrẹ̀ náà ti wá. Wúrà wà nínú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní agbègbè Ifẹ̀wàrà wa níbí, ní Ìtagúnmodì, ní Ìpẹ́rindó, àti láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ni wọ́n ti ń wá a. Ṣọ́bìrì àti igbá ni ti ìgbà náà. Ti òde òní, katapílà ni wọ́n fi ń gbẹ́ etí odò, pọ́ǹpù ni wọ́n fi ń tú omi lu ilẹ̀ náà títí yóò fi yọ́ bí ẹ̀kọ. Wúrà wúwo, ìsàlẹ̀ ló ń dúró sí. Iyẹ̀pẹ̀ tó kù, inú odò ni wọ́n ń dà á padà sí. Oko kòkó tí baba ẹlòmíràn gbìn ti di kòtò báyìí nítorí owó tí wọ́n san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn tó sì ń ṣiṣẹ́ náà kì í ṣe àjèjì nìkan. Ọmọ wa wà nínú wọn, owó rẹ̀ sì ń wọ ilé wa. Ìdí nìyí tí kò fi rọrùn láti sọ̀rọ̀ rẹ̀ láàárín ara wa.

Ṣé ẹ ti kíyè sí ohun pupa tó wà lábẹ́ etí ẹja, èyí tí àwọn ìyá wa máa ń yọ dànù nígbà tí wọ́n bá ń tún ẹja ṣe? Òun ni ẹja fi ń mí. Omi gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì ń mú afẹ́fẹ́ jáde láti inú omi náà. Nígbà tí ẹrẹ̀ bá pọ̀ nínú omi, ìyẹ̀fun amọ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn, ẹja á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ènìyàn tí eruku ẹlọ́ọ̀ bá nínú ilé tí kò ní fèrèsé. Kì í ṣe èyí nìkan. Oòrùn kì í lè la ẹrẹ̀ kọjá, nítorí náà ohun aláwọ̀ ewé tí ń yọ̀ lórí òkúta inú odò, tí ẹja kéékèèké ń jẹ, á kú. Kòkòrò inú omi tí ń jẹ òun náà á kú tẹ̀ lé e. Ebi ló kàn.

Ti ọmọ bíbí ló tún burú jù. Akọ ẹpìyà a máa gbẹ́ kòtò kékeré sí ìsàlẹ̀ omi tí kò jìn, kí abo lè yé ẹyin síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ẹpìyà ni yóò tún kó ẹyin náà sí ẹnu títí ọmọ yóò fi jáde. (Ẹja tó ń fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí ọmọ, ẹ gbọ́ ná!) Bí ẹrẹ̀ bá ń rọ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́, kòtò náà á dí kí iṣẹ́ tó parí. Ẹja ńlá lè máa wà fún ọdún kan tàbí méjì síi, kí apẹja má sì tètè fura, nígbà tó jẹ́ pé kò sí ọmọ lẹ́yìn wọn mọ́.

Ẹlòmíràn á ní, "Ṣùgbọ́n a ṣì ń rí àrọ̀ pa." Òótọ́ ni. Ọlọ́run fún àrọ̀ ní ohun kan lórí tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ òde bíi tiwa. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè kú nínú agbada àwọn tí ń tà á lọ́jà. Nítorí náà, àrọ̀ tí a rí nínú omi ẹrẹ̀ kò fi hàn pé ara odò le. Òun ni yóò kẹ́yìn gbogbo wọn.

Ojú ọjọ́ náà kò ran ẹja lọ́wọ́. Bí omi bá ti ń gbóná sí i ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń dín kù. Àkọ́kún omi òjò ni àrọ̀ ń dúró dè kí ó tó lọ yé ẹyin sínú koríko tí omi bò; bí òjò bá pẹ́, tàbí tó rọ̀ lójijì tó sì dá, ẹyin á gbẹ sórí ilẹ̀. Ẹ tún fi ti Gámálínì kún un, oògùn kòkó tí àwọn kan ti ń dà sódò láti ìgbà pípẹ́ kí wọ́n lè kó ẹja tó bá léfòó. Ó ń pa ìyá, ó ń pa ọmọ, ẹni tó bá sì jẹ ẹja náà ń jẹ oògùn.

Odò ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kì í dúró sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ọ̀ṣun gba Aséjirè kọjá, níbi tí wọ́n ti ń fa omi ẹ̀rọ fún Ìbàdàn, ó sì lọ wọ ọ̀sà Lẹ́kì ní apá Ẹ̀pẹ́. Ọ̀sà yẹn kan náà ni odò Ọ̀nì ń wọ̀. Àwọn ẹja ibẹ̀, bí ọ̀bọ̀kún, ń gbé ayé wọn láàárín omi odò tó ń bọ̀ láti òkè àti omi iyọ̀ tó ń bọ̀ láti inú òkun. Nígbà òjò, omi odò á ti iyọ̀ sẹ́yìn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ á padà wọlé gba apá Èkó. Nígbà tí ewéko olódòdó tí ń léfòó lórí omi ya wọ ọ̀sà Èkó láti ọ̀nà Àjàṣẹ́ ní 1984, tó dí ọ̀nà ọkọ̀ àti àwọ̀n, iyọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń pa á. Gbogbo ètò yìí dúró lórí iye omi tó ń sọ̀kalẹ̀ àti bó ti mọ́ tó. Obìnrin tó ń yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́ kò mọ Ifẹ̀wàrà, ṣùgbọ́n ohun tí a bá ṣe sí odò níhìn-ín á kàn án.

Ẹrẹ̀ ni ojú ń rí. Ohun tí ojú kò rí ni mákúrì, irin olómi tó ń dán bíi fàdákà, tí àwọn awawúrà kéékèèké ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé fi ń fa wúrà jáde lára iyẹ̀pẹ̀. Bó bá wọ odò, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ á sọ ọ́ di májèlé tó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹja kékeré á jẹ díẹ̀, ẹja ńlá á jẹ ọ̀pọ̀ ẹja kékeré, gbogbo májèlé wọn á sì di tirẹ̀. Fífọ̀, sísè àti yíyan kò lè yọ ọ́. Ọpọlọ ọmọ inú oyún ni ó ń bà jẹ́ jù lọ, bí ara ìyá tilẹ̀ dá ṣáṣá. Òjé náà ń bẹ, irú èyí tó pa ọmọ tó lé ní 400 ní Zamfara ní 2010, nígbà tí wọ́n ń lọ òkúta wúrà nínú ọgbà ilé.

Nítorí náà, ẹ̀yin aboyún àti ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, ẹja ńlá tó bá ti odò tí wọ́n ti ń fọ wúrà wá, ẹ fi í sílẹ̀. Àrọ̀ tí wọ́n sìn nínú omi kànga sàn jù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin tí ẹ ń wà wúrà, ẹ gbẹ́ kòtò tí omi ìfọ̀ yóò ti silẹ̀ kí ó tó padà sódò, ẹ fi igbó etí odò sílẹ̀, ẹ dí kòtò tí ẹ ti wà tán. Ẹ má ṣe gbé mákúrì wálé, ẹ má sì yan án nínú ilé ìdáná, nítorí èéfín rẹ̀ ni ìyàwó àti ọmọ yín yóò fà símú. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí mákúrì, àwọn aṣòfin àti alága ìjọba ìbílẹ̀ tó ń wá ìbò wa sì yẹ kí wọ́n gbọ́ ìbéèrè yìí lẹ́nu wa.

Orúkọ Minamata ni wọ́n fi pe àdéhùn náà, ìlú kan létí òkun ní Japan. Ilé iṣẹ́ kan ló da mákúrì sínú omi níbẹ̀, àwọn ológbò tó jẹ ẹja ń jó bí èyí tó ya wèrè, lẹ́yìn náà ó kan ènìyàn. 1956 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde àìsàn náà. Wọ́n ní láti wa ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi náà jáde, wọ́n sì ta àwọ̀n dí i kí ẹja ibẹ̀ má baà jáde lọ síta. 1997 ni wọ́n tó ká àwọ̀n náà kúrò.